Ẹja léfòó, ọmọ ń tọ ẹ̀jẹ̀, ojú bàbá pọ́n: ṣé oògùn koríko ló fa gbogbo rẹ̀?

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Abúlé oko kan lápá Ìbàràpá là ń gbé. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo la ń gbìn. Nígbà tí mo dé ilé ọkọ, ọkọ́ la fi ń ro oko. Báyìí, kò sẹ́ni tó ń ro mọ́, oògùn koríko ni gbogbo wa ń fín. Odò tí à ń pọn wà ní ìsàlẹ̀ oko wa. Nínú oṣù kejì ọdún yìí, ẹja léfòó sórí omi náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo; àwọn ọmọ kó o wálé, àwọn kan sè é jẹ. Bí ọkọ mi bá ti fín oògùn dé, ojú rẹ̀ á pọ́n, ara á máa yún un títí di ọjọ́ kejì. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ń tọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan lábúlé ní oògùn koríko ló ń pa wá díẹ̀díẹ̀, ká dá a dúró. Ìyá ọkọ mi ní wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, pé ọmọkùnrin tó bá fẹ́ bàlágà ló máa ń tọ ẹ̀jẹ̀. Ta ni ká gbà gbọ́? Ṣé ká padà sí ọkọ́ ni?”

Ìyá ọlọ́mọ, ẹ kú àmójútó ilé, ẹ sì ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ohun mẹ́ta ló ń kó yín lọ́kàn sókè: ẹja tó kú, ara ọkọ yín tó ń yún, àti ìtọ̀ ọmọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n dì mọ́ kẹ́ẹ̀gì oògùn koríko lọ́rùn lábúlé yín, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòroó mọ̀. Òun ni àlejò tó dé kẹ́yìn, àlejò la sì máa ń kọ́kọ́ wò bí nǹkan bá sọnù nínú ilé. Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìntì, abúlé oko ni wọ́n sì ń fi mí sí jù, láti Ìbàràpá títí wọ Òkè-Ògùn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọ̀nà tí iṣẹ́ àgbẹ̀ fi ń ṣe ará abúlé ní jàǹbá kò kéré, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò jọ èkejì, oògùn ọ̀kan kì í sì í wo èkejì. Nínú ohun mẹ́ta tí ẹ kọ yìí, ẹyọ kan péré ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé oògùn koríko wà nídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, nínú oṣù kẹrin ọdún 2015. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn èèyàn, ojú wọn ń ṣú, wọ́n ń dákú, wọ́n sì ń kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àjọ Ìlera Àgbáyé alára kọ́kọ́ sọ pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ oògùn apakoríko. Ìgbà tí àyẹ̀wò dé ni àṣírí tú: methanol ni, ọtí olóró tó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Ká ní orí oògùn koríko ni gbogbo ènìyàn dúró sí, ògógóró yẹn ni ìbá máa pa èèyàn lọ. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í yára dárúkọ ọ̀daràn bí àìsàn bá wọ abúlé.

Ọmọ yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni kò yẹ kó sùn. Ọmọkùnrin ọdún mọ́kànlá tó ń gbé lẹ́bàá odò, tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, tó wá ń tọ ẹ̀jẹ̀: àtọ̀sí ajá, àìsàn tí kòkòrò inú omi ń fà, ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ẹ bi í bóyá ìparí ìtọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà máa ń wá, àti bóyá ó máa ń ta á bó bá ń tọ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìfura mi á túbọ̀ le. Ìyá ọkọ yín kò purọ́ nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí. Láti kékeré ló ti ń rí i pé ọmọkùnrin tó bá tó bẹ́ẹ̀ ló ń tọ ẹ̀jẹ̀. Ibi tó ti ṣì í ni ìdí rẹ̀: ọjọ́ orí yẹn ni ọmọkùnrin máa ń pẹ́ nínú omi jù, kì í ṣe ìbàlágà. Àwọn ọmọbìnrin náà ń ní in, wọ́n kàn ń pa á mọ́ra ni, nítorí wọ́n rò pé nǹkan oṣù ni, tàbí pé wọ́n á sọ pé wọ́n ti ń tẹ̀lé ọkùnrin kiri. Kò bá ìṣekúṣe tan rárá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dójú ti ọmọ.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹni tó ní kòkòrò náà lára tọ̀ sínú omi, ẹyin kòkòrò sì bá ìtọ̀ jáde. Ẹyin náà pa nínú omi, ohun tó jáde nínú rẹ̀ wọ inú ìgbín kékeré kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ ewé inú omi, ó sì ń di púpọ̀ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni ìgbín ọ̀hún á máa tú ọmọ kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí sínú omi, pàápàá tí oòrùn bá ti mú, ìyẹn ìgbà tí àwọn ọmọ ń bẹ́ sódò gan-an. Awọ ara ni wọ́n ń gbà wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tí kò fi ẹnu kan omi náà rí lè kó o, bó bá ti lè fọ aṣọ níbẹ̀ tàbí kó rẹ ẹ̀gẹ́ síbẹ̀.

Ẹ wá wo bí èyí ṣe kan iṣẹ́ oko. Omi tó dúró lójú kan ni ìgbín yìí fẹ́, iṣẹ́ àgbẹ̀ sì ni ó máa ń dá omi dúró: adágún tí a gbẹ́ fún ọ̀gbẹlẹ̀, kòtò inú àkùrọ̀, dáàmù. Ẹ kò jìnnà sí àpẹẹrẹ tó hàn jù lọ nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí wọ́n sé odò Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta, tí wọ́n ṣí dáàmù náà ní ọdún 1983, àwọn abúlé tí wọ́n kó kúrò lójú omi padà tẹ̀dó sí etí adágún tuntun yìí láti máa pẹja àti láti máa dáko. Kò pẹ́ tí ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ fi gba ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wọn kan. Omi tí wọ́n sé fún ìlú láti mu ló di ilé ìgbín. Ajílẹ̀ tí a fọ́n sí oko náà ń kún un: bí òjò bá gbá a wọ odò, ewé inú omi á gbilẹ̀, oúnjẹ ìgbín á pọ̀. Ní orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn olùwádìí bá ará abúlé fa ewé inú omi yìí kúrò ní ibi tí wọ́n ti ń pọn omi. Àìsàn náà dín kù lára àwọn ọmọ, ewé tí wọ́n sì fà jáde, wọ́n fi ṣe ajílẹ̀, wọ́n sì fi bọ́ ẹran. Ohun tí ọwọ́ ọ̀dọ́ abúlé yín lè ṣe nìyẹn láàárín ọ̀sán kan, pẹ̀lú bàtà òjò gígùn lẹ́sẹ̀ àti ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ o.

Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án, torí ìgbà yẹn ni ẹyin kòkòrò máa ń pọ̀ nínú ìtọ̀ jù. Oògùn rẹ̀ ń jẹ́ praziquantel, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń lò ó. Níbi tí wọ́n bá ti ń pín in nílé ìwé, ẹ ó rí i tí wọ́n fi ọ̀pá tí wọ́n fàlà sí wọn gíga ọmọ; ìlà tí orí rẹ̀ bá kàn ló ń sọ iye hóró tó máa gbé mì. Ẹ fún un lóúnjẹ dáadáa kó tó lò ó, nítorí ó korò, ó sì lè rìn ín lọ́kàn. Hóró yìí ń pa kòkòrò tó ti wà lára, kò ní kí òmíràn má wọlé bó bá bẹ́ sódò lọ́la. Omi ìwẹ̀ tí ẹ bá pọn, ẹ jẹ́ kó sùn ọjọ́ méjì gbáko nínú àmù tó ní ìdérí, àwọn ọmọ kòkòrò náà á ti kú. Ẹ má fi àgbo fa ọ̀rọ̀ yìí gùn. Bó bá pẹ́ lára, àpò ìtọ̀ á bàjẹ́, kídìnrín á tẹ̀lé e, àwọn mìíràn ti ti ibẹ̀ kó àrùn jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ní àgbà. Bí àyẹ̀wò bá sì fi hàn pé kò sí ẹyin kòkòrò kankan níbẹ̀, ẹ má padà sílé. Ẹ ní kí dókítà wá ìdí mìíràn, nítorí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ ọmọ kì í ṣe ohun àmúmọ́ra.

Ó ku ẹja. Oṣù kejì lẹ kọ sínú ìwé yín, oṣù yẹn ló sì jẹ́ kí n ṣiyèméjì sí oògùn koríko. Ewé tútù ni oògùn tí ẹ ń fín ń bá ṣiṣẹ́. Lóṣù kejì ní Ìbàràpá, koríko ti gbẹ, iná ti jó ọ̀pọ̀ rẹ̀, kò sì sí òjò tó máa gbá ohunkóhun láti orí oko wọ odò. Àyàfi bí ẹnì kan bá ń dá àkùrọ̀ létí omi, tó sì lọ fọ pọ́ǹpù rẹ̀ síbẹ̀. Ohun méjì mìíràn wà tí ó máa ń pa ẹja nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Èkíní ni ẹ̀gẹ́ tí a rẹ fún fùfú àti láfún. Bí odò bá ti fà, tí kò ṣàn mọ́, omi ẹ̀gẹ́ máa ń kan, oró inú ẹ̀gẹ́ á jáde sínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú omi á sì tán. Àmọ́ ẹja tó bá ń wá afẹ́fẹ́ sábà máa ń fi àmì hàn kó tó kú. Ẹ ó rí i láàárọ̀ kùtù tó ń yọ ẹnu sókè, tó ń mí gúlegúle. Èkejì ni èyí tí ẹnu máa ń wúwo láti sọ: kí ẹnì kan da oró sínú omi láti fi kó ẹja. Kí ẹja léfòó lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ló jọ, pàápàá bó bá jẹ́ ẹja ńlá, ẹja kékeré, edé àti ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ló jọ kú.

Ìtàn èyí gùn nílẹ̀ wa. Gammalin tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ń fín sí kòkòrò ni àwọn kan kó lọ sódò. Lindane ló wà nínú rẹ̀, ó sì burú débi pé àdéhùn àgbáyé fi í sára ohun tí a gbọ́dọ̀ fòpin sí ní ọdún 2009. Orúkọ náà ṣì wà lẹ́nu àwọn èèyàn, oríṣiríṣi oògùn kòkòrò mìíràn ni wọ́n sì ń lò báyìí fún iṣẹ́ burúkú kan náà. Ẹja tó bá kú báyìí, iná kì í lé oró inú rẹ̀ jáde, ìfun tí a yọ dànù kò sì tó. Èmi kò lè jókòó síbí kí n dárúkọ ẹni tó ṣe é. Baálẹ̀ ni kó pe ìpàdé, kí wọ́n sọ̀rọ̀ náà ní gbangba, kí wọ́n fi òfin de odò. Mo ti rí abúlé tí ẹ̀rù owó ìtanràn baálẹ̀ ba èèyàn ju ẹ̀rù ọlọ́pàá lọ.

Nípa ti ọkọ yín, ibí ni oògùn koríko ti jẹ̀bi, àti ọwọ́ tó ń lò ó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù oògùn tí atẹ́gùn ń fẹ́ kiri lórí oko. Ó yẹ ká bẹ̀rù rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ibi tí oògùn ti máa ń wọ ara àgbẹ̀ wa gan-an ni ìdí kẹ́ẹ̀gì, níbi tó ti ń pò ó. Nínú kẹ́ẹ̀gì, oògùn kò tíì lómi rárá. Èyí tó bá dà sí i lọ́wọ́ níbẹ̀ lágbára púpọ̀ ju èyí tó máa fọ́n sí i lára lóko. Ẹ lọ wò ó bó bá ń pò ó. Á fi eyín já ọ̀rá ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Á fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n, bó bá sì rí i pé koríko le, á fi ìdajì agolo kún un. Igi tó bá rí nílẹ̀ ló fi ń rò ó, bí kò bá sì sí igi, ọwọ́. Ìdérí pọ́ǹpù kò dé dáadáa, oògùn ń jò sí i lẹ́yìn, aṣọ rẹ̀ sì rin mọ́ ọn lára láti ọrùn títí dé ìdí. Bí ẹnu pọ́ǹpù bá dí, á tú u, á fi ẹnu fẹ́ ẹ. Mo ti rí èyí débi pé n kì í béèrè mọ́ bóyá wọ́n ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́ ni mo máa ń bi wọ́n.

Ẹ bá mi wo èékánná rẹ̀. Bó bá ń funfun, tó ń sán, tàbí tó ń bọ́, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde ní imú rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fín oògùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ paraquat ló ń lò, oògùn tó máa ń jó koríko gbẹ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. NAFDAC ti fòfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Àwọn ará Yúróòpù ti lé e kúrò lọ́dọ̀ wọn láti ọdún 2007. Síbẹ̀, nínú ọjà wa, oògùn tí ìjọba fòfin dè kì í tán bọ̀rọ̀. Wọ́n á rọ ọ́ sínú ike tí kò ní àkọlé. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé paraquat kò ní ẹ̀rọ̀. Ẹ̀kún ẹnu kan tó bá wọ ikùn ènìyàn lè pa á, ẹ̀dọ̀fóró àti kídìnrín ló ń bàjẹ́, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó pa á, pẹ̀lú ojú tó là sílẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tí ń pa koríko pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó ń gba bí ọ̀sẹ̀ kan kí ewé tó pọ́n, glyphosate ni. Ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn kó lè lẹ̀ mọ́ ewé ló sábà máa ń ta ojú, tó sì ń yún ara. Òun náà ló ń pa ẹja àti ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ bó bá dà sómi.

Àwọn kan á bi mí bóyá glyphosate ń fa jẹjẹrẹ. Ní ọdún 2015, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí jẹjẹrẹ sọ pé ó ṣeé ṣe kó máa fà á. Àwọn àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní àwọn kò rí i bẹ́ẹ̀, Yúróòpù sì tún fún un ní ọdún mẹ́wàá sí i ní ọdún 2023. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n, n kò sì ní fi ẹnu ara mi parí rẹ̀ fún yín. Ohun tó dá mi lójú ni pé ẹni tí oògùn ń jò sí lẹ́yìn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán kò yẹ kó dúró de ìparí àríyànjiyàn kankan.

Nítorí náà, kó pààrọ̀ rọ́bà ìdérí pọ́ǹpù; owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Kó ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kó wọ bàtà òjò, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn àti awò ojú. Kó fín in ní òwúrọ̀, kó kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn, kó má jẹ obì tàbí kó fa sìgá títí á fi wẹ̀. Ẹnu pọ́ǹpù tó bá dí, omi ni ká fi ṣàn án tàbí ká fi ìgbálẹ̀ gún un. Ẹ̀yin náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o: aṣọ tó fi fín oògùn, ẹ má kó o mọ́ aṣọ ọmọ, ẹ má sì fi ọwọ́ lásán fọ̀ ọ́. Mo ti rí ìyàwó tí kò dé oko rí tí ọwọ́ rẹ̀ sì hó nítorí aṣọ ọkọ tó ń fọ̀.

Ibo ni kẹ́ẹ̀gì wà báyìí? Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ dá mi lóhùn nìyẹn. Bó bá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀, ẹ gbé e jáde kí ẹ tó ka ìyókù ìwé yìí. Wọ́n á fọ kẹ́ẹ̀gì tó tán, wọ́n á fi rọ epo tàbí àgbo, àwọn mìíràn á tà á fún elépo lọ́jà. Fífọ̀ kò mú un mọ́. Ẹ da omi sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ da omi náà sínú pọ́ǹpù kẹ́ ẹ fín in sóko, kẹ́ ẹ wá fi àdá dá a lu ní ìdí kí ẹnikẹ́ni má lè lò ó mọ́. Bí ọmọ bá ṣèèṣì gbé oògùn mì, kódà òtápiápiá, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì fi ipá mú un bì, torí èébì lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ilé ìwòsàn lẹsẹ̀kẹsẹ̀, pẹ̀lú ike oògùn náà lọ́wọ́, kí dókítà lè mọ ohun tó ń bá jà.

Jàǹbá kan wà tí ẹ kò kọ sínú ìwé yín, tí mo sì rò pé ẹ ti ń rí i: ebòlò. Obìnrin tó ń ti oko bọ̀ lásìkò òjò máa ń já ebòlò, yánrin àti ọ̀dú létí oko, ọbẹ̀ alẹ́ nìyẹn, bó bá pọ̀, owó iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Níbi tí oògùn koríko bá ti wọlé, àwọn ewé yìí ló ń kọ́kọ́ lọ. Ọbẹ̀ á wá di ata àti epo lásán, ọmọ á máa ṣàìlẹ́jẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ka ìyẹn mọ́ jàǹbá oògùn. Èyí tó burú jù ni pé glyphosate kì í fi ara hàn lórí ewé fún ọjọ́ mélòó kan. Ebòlò tí wọ́n fín lánàá ṣì tutù yọ̀yọ̀ lónìí. Kí ẹni tó bá fín oko so ọ̀já pupa tàbí ọ̀rá mọ́ igi létí ọ̀nà, kí àwọn tó ń já ewé mọ̀. Ilẹ̀ náà ń sọ tirẹ̀: oko tí oògùn ti jó mọ́lẹ̀ kò ní ohun tó máa di ojú ilẹ̀ mú, àkọ́rọ̀ òjò á sì gbá erùpẹ̀ olóràá rẹ̀ wọ odò tí ẹ ń pọn. Ní àkùrọ̀ ẹ̀fọ́, oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fín sábà máa ń jẹ́ ẹbí èyí tó wà lára nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn tó bá pa nínú kòtò àárín ebè ti mọ́ ọn lára kó tó wọ yàrá yín.

Ṣé kí ẹ padà sí ọkọ́ nígbà náà? Èmi kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń sọ ọ́ ní ìlú ńlá kò ro ẹ̀gẹ́ rí. Àwọn ará IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ṣírò rẹ̀ pé ríro nìkan ń gbé láti 50 dé 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ oko ẹ̀gẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ gun ọ̀kadà, lébìrà wọ́n, ẹni tó sì ń ro oko nígbà yẹn ni ẹ̀yin obìnrin àti àwọn ọmọ tí wọn kì í jẹ́ kí wọ́n lọ sílé ìwé lásìkò ríro oko. Ẹ̀yìn tí ọkọ́ tẹ̀ náà, àìsàn ni. Oògùn koríko gba ẹrù kan kúrò lórí yín, ó sì gbé òmíràn lé e. Ohun tí mo máa ṣe bó bá jẹ́ oko mi ni pé n kò ní fín oògùn kan rárá láti etí omi títí dé nǹkan bí ọgbọ̀n ìgbésẹ̀ sókè. Ọkọ́ ni mo máa fi ro ibẹ̀, tàbí kí n fi sílẹ̀ fún koríko láti máa sẹ́ ọ̀gbàrá. Ní ìyókù oko, màá gbin ẹ̀gúsí sáàárín ẹ̀gẹ́ ní kùtùkùtù òjò, nítorí ẹ̀gúsí tó bá ta bo ilẹ̀ kì í jẹ́ kí koríko rímú mí, a sì tún máa rí i tà. Oògùn á wá kù sí ẹ̀ẹ̀kan, ṣáájú gbígbìn, dípò ìgbàkúùgbà. Bó bá jẹ́ oko àgbàdo, n kò ní ra atrazine, torí ó máa ń jò wọlẹ̀ dé omi kànga. NAFDAC ti gbé ìgbésẹ̀ láti fòpin sí i lẹ́yìn paraquat.

Nípa omi mímu, ẹ lè rò pé ká gbé omi odò lọ fún àyẹ̀wò oògùn. Ẹ má fi owó yín ṣòfò. Àyẹ̀wò kẹ́míkà oko kì í ṣe ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ ní ẹ̀rọ rẹ̀, ó wọ́n, èsì rẹ̀ sì lè yàtọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ tí òjò rọ̀ àti ọ̀sẹ̀ tí kò rọ̀. Owó yẹn, ẹ fi kún ti kànga tó ní ẹnu gíga àti ìdérí, ní òkè oko, tó jìnnà sí ṣáláńgá. Tí ẹ bá ní òrùlé páànù, ẹ gbe omi òjò lẹ́yìn tí òjò àkọ́kọ́ bá ti fọ̀ ọ́. Ìbàràpá mọ ohun tí omi tó dára lè ṣe. Ìgbà kan wà tí sòbìà ń da àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ ní Ìdèrè àti agbègbè rẹ̀ ní àsìkò tí iṣẹ́ oko le jù, tí àwọn kan sì gbà pé inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé, pé bí a ṣe dá ènìyàn nìyẹn. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, kànga ẹ̀rọ, àti kẹ́míkà kan tí wọ́n ń jẹ́ Abate tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ ń wọ̀n sínú adágún, ìwọ̀nba tó ń pa kòkòrò tí kò sì ń pa ènìyàn, ni wọ́n fi lé e lọ. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ní in ní Nàìjíríà, wọ́n sì fún orílẹ̀-èdè yìí ní ìwé ẹ̀rí ní ọdún 2013.

Lẹ́tà ni mo kà, n kò rí ọmọ, n kò rí odò. Bí ojú ọkọ yín bá ń pọ́n títí kọjá ọjọ́ kejì, tàbí bí àyà bá ń há a, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí òógùn sì ń bò ó láìsí iṣẹ́, dókítà ni kó lọ rí, kì í ṣe èmi. Àmọ́ ẹ kọ orúkọ tó wà lára kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ ni kí ẹ dà kọ, àti nọ́mbà NAFDAC bó bá wà níbẹ̀. Bí kò bá sí àkọlé kankan lára rẹ̀, ẹ sọ fún ọkọ yín pé mo ní kó má fín in mọ́.